Jíjìn Kọ́ Ló Ń Mú Lithophane Yọ

Ìyá àgbà kan ní Kubwa ló là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ wọn ọkùnrin ló ní kí n bá òun gbẹ́ àwòrán bàbá òun fún ìrántí ọdún kan. Ara òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe orí kántà ilé ìdáná ni a fẹ́ gbẹ́ ẹ sí, kí wọ́n lè máa tan iná sí i lẹ́yìn nínú pálọ̀. Irú àwòrán báyìí, tí iná ẹ̀yìn ló ń mú un hàn, ni à ń pè ní lithophane. Mo gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ gan-an. Kí a tó tan iná, ó rẹwà lójú mi: imú yọ, fìlà yọ, ẹ lè fi ìka tọ etí agbádá láti òkè dé ilẹ̀. A wá tan gílóòbù. Agbádá ń tàn yòò, ṣùgbọ́n ojú Bàbá ṣókùnkùn bí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án. Màmá sún mọ́ ọn, wọ́n fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ wọn lára òkúta náà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìlà wọn dà?"

Àbàjà mẹ́ta ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Bàbá. Nínú fọ́tò, mo rí i kedere. Lára iṣẹ́ tèmi, mi ò rí i.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń fi CNC, ẹ̀rọ ìgbẹ́nà tí kọ̀ǹpútà ń darí, jẹun ní Àbújá: pé bí a bá ṣe gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ tó ni àwòrán á ṣe yọ tó, àti pé bí ẹnu bíìtì, ìyẹn irin tó ń gbẹ́ iṣẹ́ náà, bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ á ṣe mọ́ tó. Ní ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ti lithophane, méjèèjì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, ó sì ń dùn mí pé owó àwọn ènìyàn ń bá a lọ.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ilẹ̀kùn àti orí bẹ́ẹ̀dì ni púpọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀, àwọn nǹkan tó kún ọjà Kugbo. Lára igi, òjìji ló ń ya àwòrán. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn Wembley ní 1924 tó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo bí àwọn ère ara rẹ̀ ṣe yọrí síta. Jíjìn tó wà lẹ́yìn wọn ló fún òjìji láàyè láti dúró. Ẹni tó bá ti fi ojú yẹn kọ́ṣẹ́, kò lè ṣe kó má gbé e wọ inú lithophane.

Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ lithophane kì í ti iwájú wá. Ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀, inú òkúta gan-an ló ń gbà kọjá. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ á funfun, ibi tó bá nípọn á dúdú, ìyẹn nìkan ni ọ̀dà tí a ní lọ́wọ́. Nígbà tí Paul de Bourgoing gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Faransé ní 1827, kò sí ẹ̀rọ kankan. Ìda ni wọ́n ń fi ọwọ́ gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ á máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, kí wọ́n tó fi ìda náà ṣe mọ́ọ̀dù fún tánganran. Ìmọ́lẹ̀ tó ń là á kọjá ni wọ́n ń wò. Àwa ń wo iye tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní òkúta yín ń pa ìdajì ìmọ́lẹ̀ ní mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Ní 1 mm, ìdajì ló kù. Ní 2 mm, ìdá kan nínú 4. Ní 3 mm, ìdá kan nínú 8. Tí ẹ bá fi máa dé 6 mm, ìdá kan nínú 64 ni. Láàárín 1 mm sí 2 mm, ìyàtọ̀ pọ̀ tí ọmọdé fi máa rí i. Láàárín 5 mm sí 6 mm, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé pálọ̀ wọlé, tó ń bọ́ sí iwájú òkúta náà, ti borí gbogbo ohun tó kù. Dúdú ni méjèèjì. Lóru, nínú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, ẹ lè rí díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé àwòrán bàbá rẹ̀ síbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀?

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá, mo mú àjákù òkúta kan náà, mo gbẹ́ àtẹ̀gùn mẹ́jọ sí i, tí wọ́n nípọn tó 0.5 mm, 1 mm, 1.5 mm, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 4 mm. Mo gbé e síwájú gílóòbù LED oníwáàtì 9, mo pe ọmọṣẹ́ mi pé kó wá kà á láìfọwọ́ kàn án. Méje ló kà. Mo ní kó tún un kà. Ó ní, "Ọ̀gá, méje ni o." 3.5 mm àti 4 mm ti di ẹyọ kan lójú rẹ̀. Mo wò ó fúnra mi, òótọ́ ló sọ. Lára òkúta tèmi, pẹ̀lú gílóòbù yẹn, ohunkóhun tí mo bá gbé sókè ju nǹkan bíi 3.2 mm lọ, mo ti sọ ọ́ nù.

Níbẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí ìlà Bàbá bọ́ sí. Òkúta 6 mm ni mo lò, mo sì na àwòrán náà láti 0.7 mm dé 6 mm. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá bọ́ sí bíi 4.2 mm, àbàjà bọ́ sí bíi 4.7 mm. Ìdajì mìlímítà odindi ló wà láàárín wọn, tí ìka lè mọ̀ lára, síbẹ̀ ojú kò rí nǹkan kan, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìlà ti jọ wọ inú dúdú.

Ohun kan wà nínú èyí tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú àwọn òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ara pupa, irun dúdú: ojú wà níbi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbogbo ìrísí rẹ̀ sì yọ. Àwa tí ara wa dúdú, ìhà tó nípọn ni ojú wa máa ń bọ́ sí. Bí a bá gbé iye tí wọ́n kọ lọ́hùn-ún wá síbí láìyí i padà, agbádá àti gèlè là ń gbẹ́ fún ènìyàn, a ò gbẹ́ ojú rẹ̀. Nínú sọ́fúwíà fọ́tò, kí ẹ tó gbé àwòrán lọ sí CNC, ẹ kọ́kọ́ gbé àárín rẹ̀ sókè, ìyẹn àwọ̀ tí kò funfun tí kò sì dúdú tán, kí awọ ojú lè bọ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń rìn dáadáa. Ìgbà kejì, 0.7 mm sí 3.2 mm ni mo lò fún Bàbá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúró ní bíi 1.7 mm, ìlà ní bíi 2.1 mm. Ìyàtọ̀ náà kéré sí ti àkọ́kọ́, 0.4 mm péré, ṣùgbọ́n Màmá jókòó lórí àga wọn lódìkejì pálọ̀, wọ́n rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó kan bíìtì. Èyí tó ní orí roboto, tí a ń pè ní ball nose, ni mò ń sọ, pàápàá èyí tí ìdí rẹ̀ nípọn tó sì ń tín-ín-rín lọ sókè ẹnu. Àwọn kan ń lo bíìtì onígun V, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìkọ̀wé. Orí roboto máa ń fi òkìtì kékeré sílẹ̀ láàárín ipa kan àti èkejì. Ìṣirò gíga òkìtì yẹn kò le: ẹ fi ìṣísẹ̀ bíìtì, ìyẹn àlàfo láàárín ipa kan àti èkejì, sọ ara rẹ̀ di ìlọ́po, ẹ pín in sí ìlọ́po mẹ́jọ ìdajì ẹnu bíìtì. Pẹ̀lú ìṣísẹ̀ 0.15 mm, bíìtì ẹlẹ́nu 0.5 mm á fi òkìtì tó ga tó 0.011 mm sílẹ̀. Ẹlẹ́nu 1.5 mm, pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kan náà, á fi bíi 0.004 mm sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó tóbi ló mọ́ jù! Tí ẹ bá pín 2.5 mm tó wà láàárín 0.7 mm sí 3.2 mm sí àwọ̀ 256 tó wà nínú fọ́tò, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gba bíi 0.01 mm. Òkìtì bíìtì kékeré ti ju àwọ̀ kan lọ, òun ló ń hàn bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lójú àwòrán nígbà tí iná bá tàn.

Kí bíìtì kékeré tó lè mọ́ tó èyí ńlá, ìṣísẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí 0.09 mm. Fún àwòrán 200 mm sí 150 mm, bíìtì 1.5 mm á rin bíi 200 mítà. Bó bá ń rin 1500 mm ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni. Èyí kékeré á rin bíi 333 mítà, ẹ ò sì ní jẹ́ kó sáré tó bẹ́ẹ̀ kó má baà kán. Ní 1000 mm ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni. Ẹ sọ fún mi, níbo ní Àbújá ni iná ti ń dúró fún wákàtí márùn-ún ààbọ̀ láìṣẹ́jú? Mo ti rí iṣẹ́ tí iná bọ́ nídìí rẹ̀ nígbà tí bíìtì wà láàárín imú, tí a padà tan jẹnẹrétọ̀, tí ẹ̀rọ kò sì padà síbi tó wà gẹ́lẹ́. Àpá kan ló fi dá ojú ẹni náà sí méjì, kò sí pépà oníyanrìn tó lè nù ún kúrò.

Bíìtì kékeré ní ibi tí mo ti bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tó dúdú nínú fọ́tò ń dúró bí ebè lára òkúta, ohun tó funfun ń jìn bí kòtò. Ìlà ojú jẹ́ ebè. Àlàfo láàárín àbàjà Bàbá tó bíi 2 mm, nítorí náà bíìtì 1.5 mm ráyè kọjá. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń dán nínú ẹyinjú kò ju 0.6 mm ní fífẹ̀, kòtò sì ni. Bíìtì 1.5 mm kò lè wọ inú rẹ̀ ju bíi 0.06 mm lọ, ojú á sì dà bí ojú ẹni tó sùn. Níbẹ̀ ni mo ń fa àpótí kékeré yí ojú àti ẹnu ká nínú sọ́fúwíà, tí mo fi bíìtì 0.5 mm tún ibẹ̀ nìkan gbẹ́. Gbígbẹ́ tó jinlẹ̀ jù ń mú ọ̀rọ̀ yìí burú sí i, nítorí ògiri kòtò á dúró gangan bí ti kànga, bíìtì ò sì ní débẹ̀.

Ẹni tó bá máa gbẹ́ ẹ láìjinlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibùsùn ẹ̀rọ, ìyẹn pákó tí òkúta ń sùn lé, tó tẹ́jú. Lára iṣẹ́ tó jìn tó 5 mm, bí apá kan bá fi 0.3 mm ga ju èkejì lọ, ojú lè fò ó. Lára èyí tó jìn tó 2.5 mm, ìhà kan ojú á ṣókùnkùn ju ìkejì. Ọyẹ́ Àbújá yìí ń gbẹ MDF, pákó tí a fi ṣe ibùsùn náà, òjò á tún wú u, nítorí náà mo máa ń fi bíìtì pẹlẹbẹ fá ojú ibùsùn kí n tó lẹ òkúta mọ́ ọn, mo sì máa ń fi kálípà, irin tí a fi ń wọn nípọn nǹkan, wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkúta. Àjákù alátẹ̀gùn mẹ́jọ yẹn ṣì wà nínú àpò mi. Mo máa ń gbé e lọ sílé oníbàárà, mo máa ń gbé e síwájú gílóòbù tí wọ́n máa lò gan-an, tí màá ní kí wọ́n kà á fún mi.