Ta Ló Ní Kí Ẹ Máa Bá Mi Tọrọ Ọmọ?

Ó ti sú mi. Àmín tí mò ń ṣe sí àdúrà tí mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà fún mi ti sú mi. Mo kí ìyá aláta ní "Ẹ kú àárọ̀ mà", èsì tó máa tẹ̀lé e ni "Olúwa á ṣí ẹ nínú lọ́dún yìí". Mo dé ilé ìyá ọkọ mi, wọn ò tíì fún mi lómi mu tí wọ́n fi ní mi ò ní fọwọ́ osùn nu ògiri. Osùn wo? Ta ló tún ń fi osùn pa ọmọ lára nílùú Ìbàdàn yìí?

Kò sí ohun tó ṣe ilé ọmọ mi. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ mi náà. Àwa méjèèjì la jókòó, tí a fẹnu kò pé a ò ní bímọ. A ti sọ ọ́ tán kó tó di pé wọ́n gbé iṣu àti oyin ìdána wá.

Kì í ṣe èébú ló ń bí mi nínú jù. Ẹni tó bá bú mi, mo mọ èsì tí mo máa fọ̀ fún un. Àánú yẹn ni mi ò lè fara dà. Tí mo bá ti sọ pé "Mi ò fẹ́ bímọ", wọ́n á wojú ara wọn, ohùn á rẹlẹ̀, ẹnì kan á dì mí lọ́wọ́ mú: "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọlọ́run kì í sùn." Wọ́n ti pinnu pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́, pé tó bá dòru mò ń sunkún. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí n jẹ́ àgàn ju kí n jẹ́ ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ lọ.

Níbi ìkómọjáde kan ní Mọ́níyà, àǹtí ọkọ mi kan ṣàdédé já ọmọ tuntun gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n gbé e mọ́ra dáadáa kí tèmi lè tẹ̀lé e wá. Mo gbé e. Mi ò kórìíra ọmọ, ọmọ náà sì rẹwà. Kí n tó dá a padà, ó tọ̀ sí mi lára, ìtọ̀ gba inú léèsì kọjá dé yẹ̀rì. Ẹ wá gbọ́ ariwo! "Ó ti pè é o! Ó ti pe àbúrò ẹ̀ wá!" Onílù kọjú sí mi. Ẹnì kan lẹ igba náírà mọ́ mi níwájú orí. Ìtọ̀ ń kán sínú bàtà mi, wọ́n ń jó yí mi ká nítorí ohun tí mi ò wá. Kò sẹ́ni tó rántí fún mi ní àkísà tí màá fi nura.

Kí ni wọn ò tíì fún mi tán? Àgbo nínú ike. Omi àdúrà láti Orí Òkè Bàbá Abíyè ní Ẹdẹ. Ìbátan mi kan ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí Òṣogbo lóṣù kẹjọ, nígbà tí Arugbá bá ń gbé igbá lọ sódò Ọ̀ṣun. Òmíràn ní kí n lọ gbé Ìgbó-Ọrà fún ìgbà díẹ̀, kí n máa fi ọbẹ̀ ilasa jẹ àmàlà, ìbejì ni màá gbé bọ̀. Ilasa dùn, màá jẹ ẹ́. Àmọ́ ohun ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n fi sábẹ́ awọ apá mi kò gbọ́ èdè ilasa.

Ọkọ mi ńkọ́? Òun ni wọ́n máa ń kí kú ìfaradà! Àbúrò bàbá rẹ̀ pè é sẹ́yìnkùlé, ó ní kó lọ gbìyànjú níta, pé kò sẹ́ni tó máa bi í. Ìpinnu tí àwa méjì jọ ṣe, èmi nìkan ni mo jẹ̀bi.

Mo rò pé ó kéré tán, wọn ò ní wàásù fún mi nílé ìwòsàn. Irọ́. Mo lọ bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ tí mi ò fi ní lóyún láéláé. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ mélòó ni mo ti bí. Mo ní kò sí. Ó rọra gbé bírò sílẹ̀, ó ń wò mí bíi pé mo fẹ́ pokùnso. Dókítà ní kí ọkọ mi wá buwọ́ lùwé. Ọkọ mi wá, ó buwọ́ lùwé. Wọ́n tún ní kí á lọ pe àwọn òbí wa wá. Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún! Ká ní mo lọ síbẹ̀ lọ bí ìkarùn-ún ni, ta ló máa ní kí n pe bàbá mi wá buwọ́ lùwé?

Wọ́n á ní ta ló máa sin mí. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣé èmi ni mo pa òwe yẹn ni? Màmá àgbà tó wà lójúlé kejì sí wa bímọ jọ, wọ́n fọ́n sí Kánádà, wọ́n fọ́n sí Lẹ́kí, èmi "àgàn" ni mò ń bá wọn ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n á tún ní ìran á parẹ́. Ìran ta ni? Ìkànìyàn 2006 ti lé ní mílíọ̀nù 140. Ìwádìí ìjọba ti 2018 ní ọmọ tí obìnrin kan ń bí ní Nàìjíríà, tí a bá pín in dọ́gba, lé ní márùn-ún. Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti ń bá mi bí tèmi.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ọmọ lóòótọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé àdúrà òjúgbangba yìí ń dun ẹ̀yin jù mí lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ò lọ síbi ìkómọjáde kankan mọ́ nítorí ẹ̀.)

Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Bingo, nítorí ajá wa. Ìyẹn ò dùn mí, ajá gidi ni. Àmọ́ nígbà tí Póòpù Francis sọ ní oṣù kìíní 2022 pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni kéèyàn máa sin ajá àti ológbò dípò ọmọ, ó tó ẹni mélòó kan tó fi í ránṣẹ́ sí mi. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá náà sáfẹ́fẹ́ rere, àmọ́ mélòó ni àwọn fúnra wọn bí? Ṣé ẹnikẹ́ni gbé àgbo lọ fún wọn ní Róòmù?

Ìmọtara-ẹni-nìkan, kẹ̀! Níbi iṣẹ́ mi, Kérésìmesì ni o, Iléyá ni o, orúkọ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ sára àwọn tó máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. "Ìwọ tí o ò lọ́mọ nílé, kí lo fẹ́ lọ ṣe?" Mo fẹ́ lọ sùn ni! Ṣé àwọn abiyamọ nìkan ni oorun ń kùn ni? Tí iléèwé bá sì ti fẹ́ wọlé, fóònù mi ò ní sinmi. Ṣebí mi ò ní ẹrù, ibo ni mò ń kówó mi sí?

Láàárọ̀ yìí gan-an, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé owó WAEC ọmọ àwọn kò pé. "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, ràn wá lọ́wọ́, Olúwa á fi tìẹ náà jíǹkí ẹ." Mo ti sanwó náà, ọmọ yẹn mọ̀wé, kò sì ṣẹ̀ mí. Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Owó ti wọlé mà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún gba àdúrà yẹn fún mi, ti NECO, ẹ lọ bá àwọn tó bímọ."