Iná ò ṣeé kó pamọ́ bí obì

Ìyá-ìyá mi ta obì ní Ṣàgámù títí ogbó fi dé. Bí ẹni pé mo ṣì ń rí i níwájú apẹ̀rẹ̀ tó fi ewé tútù tẹ́ nínú. Yóò da obì sórí ẹní, yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀, kó tó pààrọ̀ ewé kó ìyókù padà. Bí obì bá pọ̀ ní Rẹ́mọ, Òkè Ọya ni ọkọ̀ ń kó o lọ. Ká ní ọjà wa nìkan là ń tà á sí ni, ìdajì ì bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Iná mànàmáná ò tilẹ̀ ní sùúrù tó obì. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń pèsè rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ máa lò ó. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí bí iná bá lọ, tí ẹnì kan nínú ẹbí wa á sáré kọ ọ́ sórí WhatsApp pé àwọn ará Kútọnu ni wọ́n ta iná wa fún.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Odò Ọya gba orílẹ̀-èdè Niger kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àdéhùn wa ni pé kí wọ́n má sé omi mọ́ Kainji, ibi tí a ti ń fi omi pèsè iná, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, kí àwa náà máa fún wọn níná. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní 2023, a gé iná wọn. Ṣé iná wá pọ̀ sí i ní Ìjẹ̀bú-Òde? Ládùúgbò tèmi, rárá o! Aránṣọ iwájú ilé wa ṣì ń fẹ́ èédú inú áyọ́ọ̀nù lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba, aṣọ ẹgbẹ́ kún orí tábìlì, àwọn tó ni ín dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà. Wáyà tó ti gbó àti gáàsì tí kì í dé ibi iṣẹ́ iná lásìkò ló ń bá wa jà, kì í ṣe Niger.

Ti gbèsè nìkan ni mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ń ráhùn bẹ́ẹ̀: kí ẹni tó bá ra iná wa san owó rẹ̀. Ìyá-ìyá mi kì í kó obì mìíràn fún ẹni tí kò tíì san ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo sì ń fẹ́ ni kí ọjà yìí ní àlọ àti àbọ̀. Norway àti Sweden da ọjà iná wọn pọ̀ ní 1996. Bí òjò bá wọ́n, Norway tó fi omi ń pèsè iná á rà lọ́dọ̀ aládùúgbò, bí omi bá kún, á tà. Àwa náà ti ní WAPP, àjọ tó ń so iná àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀, tí ECOWAS dá sílẹ̀ ní 1999, Kútọnu gan-an ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n so iná wa pọ̀ mọ́ tàwọn aládùúgbò wa fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó di ojoojúmọ́, kó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí gáàsì bá wọ́n níbí, iná omi Akosombo ní Ghana ni aránṣọ wa yóò fi lọ aṣọ, ká sì san owó rẹ̀ kí oṣù tó parí.