Pé ó wọlé ò sọ pé ó bá a mu: ọ̀rọ̀ línkéèjì gíà 911 àti 914

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí jàre, torí ó ti ń sú mi. Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwa tá a fẹ́ràn Porsche àtijọ́, àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ tu ẹ́ńjìnì wọn lára, pé ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, torí náà ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ gíà, látorí lífà tí ọwọ́ ń dì mú títí dé rọ́ọ̀dù abẹ́lẹ̀ àti kọ́púlà tó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì (gbogbo ìyẹn là ń pè ní línkéèjì), ẹ lè yọ ọ́ lára 911 kẹ́ ẹ fi sí 914, ẹ lè yọ ti 1970 kẹ́ ẹ fi sí ti 1980, kò sí wàhálà. "Porsche ni Porsche", bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Irọ́ ni o. Ibi tó ti wá burú ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, torí àwọn búṣì kéékèèké kan, ìyẹn òrùka tí rọ́ọ̀dù ń gba inú ẹ̀, wà tí wọ́n jọ ń lò lóòótọ́, ẹni tó bá ti rí búṣì kan tó bára mu á wá gbà pé gbogbo ìyókù ló bára mu.

Nọ́ńbà páàtì gan-an wà lára ohun tó ń dá èdè àìyedè yìí sílẹ̀. Ní 1963 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mọ́ọ̀tò 911 jáde ní Frankfurt, 901 lorúkọ ẹ̀, Peugeot ló yarí pé àwọn làwọn ni orúkọ onínọ́ńbà 3 tó ní òdo láàárín, ni wọ́n bá sọ ọ́ di 911. Àmọ́ wọn ò pa nọ́ńbà páàtì tó ti wà nílẹ̀ rẹ́, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí 901 lórí páàtì mọ́ọ̀tò tí kò sẹ́ni tó pè é ní 901 rí. Nọ́ńbà 3 tó ṣáájú yẹn, mọ́ọ̀tò tí wọ́n kọ́kọ́ ya páàtì náà fún ló ń sọ, kò sọ gbogbo mọ́ọ̀tò tó lè wọ̀. 424 tẹ́ ẹ máa rí láàárín, ó ń sọ pé nǹkan lífà gíà ni. Èyí tó kẹ́yìn, nọ́ńbà 2 yẹn, ó ń sọ pé wọ́n ti tún un ṣe. Ẹni tí ò bá mọ̀ yìí á rí 901 tàbí 914 lórí irin, á ní "ẹ wò ó, wọ́n jọ ń lò ó ni".

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹ̀.

911 nìkan, ká fi 914 àti 911 Turbo sílẹ̀ ná, gíábọ́ọ̀sì ńláńlá mẹ́ta ló ti lò kí 1989 tó parí. Àkọ́kọ́ ni 901, látìbẹ̀rẹ̀ títí dé 1971. Nínú ìyẹn, tó bá jẹ́ onígíà 5, gíà 1 wà lápá òsì lẹ́yìn, rìfáàsì wà níwájú ẹ̀, gíà 2 àti 3 jọ wà láàárín, 4 àti 5 lápá ọ̀tún. Títí kan èyí tí wọ́n tẹ 911/01 sí lára ní 1970 àti 1971, ẹbí 901 náà ni, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín. Mọ́dẹ́ẹ̀lì 1972 wá gbé 915 dé, wọ́n yí gbogbo ẹ̀ padà: gíà 1 bọ́ sí òsì níwájú, 2 sí ẹ̀yìn ẹ̀, 5 sí ọ̀tún níwájú, rìfáàsì sí ọ̀tún lẹ́yìn. Ìyẹn ṣiṣẹ́ títí dé 1986. Ní 1987 ni G50 dé, ilé iṣẹ́ Getrag ló ṣe é, kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ di èyí tó ń fi fílúùdù ṣiṣẹ́ dípò wáyà, rìfáàsì sì tún padà sápá òsì.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Rìfáàsì ń ti apá kan bọ́ sí apá kejì. Ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ má ṣèèṣì fa rìfáàsì lórí eré, sípíríìnì àti irin pẹlẹbẹ tó wà nídìí lífà, ó gbọ́dọ̀ wà lápá ibi tí rìfáàsì wà. Ẹ wá gbé ìdí lífà 901 sí mọ́ọ̀tò tó ní 915. Ohun tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ̀tún ń ṣọ́ òsì. Ẹnì kan á ní ṣebí ó wọlé, ṣebí bóòtù ẹ̀ dé. Kọ́kọ́rọ́ náà máa ń wọ ihò àgádágodo tí kì í ṣe tiẹ̀, yíyí ni kì í yí.

Ti 914 ló wá dùn jù, èmi fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Nínú 911, gíábọ́ọ̀sì ló wà níwájú, ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn ẹ̀ pátápátá nídìí ọkọ̀. Rọ́ọ̀dù gíà kàn gba inú tọ́nẹ́ẹ̀lì àárín, ó dé ibi kọ́púlà tó wà lábẹ́ ìbòrí kékeré lẹ́yìn ìjókòó iwájú, ó wọ imú gíábọ́ọ̀sì, ó tán. Nínú 914, ẹ́ńjìnì ló wà láàárín, gíábọ́ọ̀sì ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹbí 901 kan náà ni wọ́n lò o, àmọ́ wọ́n ti yí i kọ̀dí, imú tó ń kọjú síwájú nínú 911 ti wá kọjú sẹ́yìn. Wọ́n tiẹ̀ ní láti gbé ríìngì gíà inú ẹ̀ sí òdìkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ọ̀tò á ní gíà 5 fún ẹ̀yìn àti 1 péré fún iwájú (ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn rìnrìn àjò, ẹ kú iṣẹ́). Rọ́ọ̀dù gíà wá di ẹni tó ń rin kọjá gbogbo ẹ́ńjìnì, tó tún rin kọjá gíábọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, kó tó lè rí ibi tó máa wọ̀ nídìí. Ibẹ̀ lorúkọ tail-shifter ti wá. Gbogbo bí rọ́ọ̀dù ṣe gùn tó, gbogbo ibi tí búṣì wà lọ́nà, tí kálukú wọn bá jẹ díẹ̀, lífà á máa ṣe bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń bú gíà 914.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì 1973 ni wọ́n tún un ṣe. Rọ́ọ̀dù ò lọ dé ìdí mọ́, ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì ló ń wọ̀, wọ́n pe ìyẹn ní side-shifter, òun ni wọ́n lò títí 914 fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1976. Gíà ẹ̀ sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ni olówó 914 ti 1971 bá gbọ́ pé ti 1973 sàn, ó lọ ra rọ́ọ̀dù side-shifter, ó gbé e dé, kò síbi tó máa so ó mọ́. Ara gíábọ́ọ̀sì ni ìyàtọ̀ wà, kì í ṣe rọ́ọ̀dù nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà ní láti kó gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, gíábọ́ọ̀sì, rọ́ọ̀dù iwájú, rọ́ọ̀dù ẹ̀yìn, àti lífà. Ẹ ò lè mú ẹyọ kan nínú ẹ̀. 914/6, ìyẹn 914 tó ní ẹ́ńjìnì onísílíńdà 6, ńkọ́? Tail-shifter ni gbogbo wọn, torí wọn ò ṣe é mọ́ lẹ́yìn 1972. Ẹni tó bá ń ta línkéèjì side-shifter fún yín pé ti 914/6 ni, ẹ rọra.

Àwọn kan á ní tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu ńkọ́, ṣebí a lè tún un sẹ́ẹ̀tì. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu yẹn gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Èyí tí ò wọlé rárá, ẹ máa dá a padà ni. Lífà ní ibi tó ti ń yí, apá òkè gùn, apá ìsàlẹ̀ kúrú. Ká ní òkè gùn ní ìlọ́po 5, ọwọ́ yín máa rin sẹ̀ǹtímítà 5 kí ìsàlẹ̀ tó rin 1. Ẹ wá fi lífà tí ìwọ̀n ẹ̀ yàtọ̀ sí i, ọwọ́ yín á kan ibi tó ń dúró kí gíà tó wọlé tán. Eyín ẹ̀ á kàn fẹnu kora díẹ̀. Ẹ tẹ iná, gíà á fò jáde, ẹ tún un tẹ̀, ó tún fò jáde, synchro, ìyẹn páàtì tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wẹ́rẹ́, ń jẹ lọ nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ máa wá sọ pé gíábọ́ọ̀sì 915 ò dáa. Short shifter tí gbogbo èèyàn ń rà náà, ìwọ̀n lífà yìí kan náà ló ń yí padà: ọwọ́ á rin díẹ̀, agbára tẹ́ ẹ máa lò á pọ̀ sí i, kò sì ní tún synchro tó ti jẹ ṣe.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Jámánì nìkan ṣá. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní tiwọn, "Muncie ni Muncie", ìyẹn gíábọ́ọ̀sì onígíà 4 ti ilé iṣẹ́ GM. M20, M21, M22 ni oríṣi ẹ̀, látita, línkéèjì ìyàtọ̀ ò sí láàárín wọn tó bá jẹ́ ọdún kan náà, gíà inú ló yàtọ̀, ibẹ̀ tọ̀nà. Àmọ́ ní 1969 wọ́n yí ọ̀pá tí apá gíà ń dè mọ́ padà: tẹ́lẹ̀, ọ̀pá náà ní ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi nọ́ọ̀tù dè, lẹ́yìn náà bóòtù ló ń wọ inú ẹ̀. Apá ti 1967 àti ti 1970 ò lè pààrọ̀ ara wọn. Àwọn kan tún máa ń fi Saginaw, gíábọ́ọ̀sì GM míì, pe Muncie torí bóòtù 7 ló wà lára ìdérí ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì, ẹ wo ibi tí apá rìfáàsì wà: ti Muncie wà lápá ìdí, ti Saginaw wà lára ìdérí pẹ̀lú àwọn méjì yòókù. Gíábọ́ọ̀sì Borg-Warner T-10 ní tiẹ̀, bóòtù 9 ni.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára gíábọ́ọ̀sì, kì í ṣe orúkọ tó wà lára ọkọ̀, torí ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀tò yìí ni wọ́n ti pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì ẹ̀ láàárín àádọ́ta ọdún. Tí wọ́n bá ti gbé 915 sí 911 ti 1969, páàtì ti 1969 ò wúlò fún un mọ́ níbi ọ̀rọ̀ lífà. Tí ẹni tó ń tà á bá sì ní "ara 911 ni mo ti yọ ọ́", kò tíì dáhùn, ẹ tún bi í pé gíábọ́ọ̀sì wo ló wà nídìí 911 náà.