Oòrùn Ṣikágò Ò Ṣeé Gbọ́kàn Lé

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí oòrùn bá ti yọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ ó jáde, ẹ ó làágùn. Ní Ṣikágò níbí, oòrùn á yọ, ojú ọ̀run á mọ́ roro, ẹ ó wọ bùbá, ẹ ó ṣílẹ̀kùn, òtútù á sì gbá yín létí kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìkúukùu ni aṣọ tí ilẹ̀ ń dà bora lóru. Bí kò bá ti sí ìkúukùu, ilẹ̀ á sùn síhòòhò, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ ó gbọ́ ìyókù. Oòrùn fọ́tò lásán.

Ìdí nìyí tí mo fi ra ẹ̀rọ alápá méjì. Kékeré ń gbé ìta, ó ń wọn òtútù. Èkejì dà bí aago, ó ń jókòó ní yàrá ìdáná, ó ń gba ìròyìn ti ìta láì sí wáyà, lórí ìgbì rédíò. Ìyàwó mi bi mí pé eélòó ni. Mo ní kò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ta ló ń ka ìwé ìlànà? Mo gbé e kọ́ ògiri tó kọjú sí gúúsù. Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kejì, ẹ̀rọ kọ 81. Fahrenheit ni wọ́n ń lò níbí, 81 sì ti tó ooru ilé wa. Mo ké halelúyà. Mo wọ bùbá àti sálúbàtà, mo gbé ìdọ̀tí jáde. Kí n tó dé ìdí agolo ìdọ̀tí, ìka ẹsẹ̀ mi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn sì ti tì pa mọ́ mi sẹ́yìn. Ìyàwó mi wò mí lójú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ kó tó wá ṣí i.

"Bàbá Tọ́lá, ṣé 81 náà nìyẹn?"

Ìgbà yẹn ni mo ka ìwé. Oòrùn tó ń lu ike ẹ̀rọ náà ló ń wọ̀n, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Abẹ́ ìbòòji ló yẹ kó wà, lápá àríwá ilé, ní gíga bí ẹsẹ̀ bàtà 5. Mo gbé e lọ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sọ̀rọ̀, ó bá dákẹ́. Bátìrì alkaline ni: omi wà nínú rẹ̀, bí òtútù bá mú un, á máa lọ́ra bí ọmọ tí wọ́n jí fún àdúrà òru. Lithium ni kí n rà; ó ń ṣiṣẹ́ dé 40 lábẹ́ òdo, ibi tí Fahrenheit àti Celsius ti ń pàdé. Èmi alàgbà ìjọ gun àkàbà nínú yìnyín, mo pààrọ̀ bátìrì, mo sì ní kí ti inú ilé tún wá ẹnìkejì rẹ̀.

Ó wá a. Ó rí i. Ó kọ 0.

Kò yà mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, 23 lábẹ́ òdo ni wọ́n kà ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare. Àmọ́ 0 yìí ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Àárọ̀, 0. Alẹ́, 0. Mo pe ìyá mi.

"Màámi, òdo la wà níbí o."

"Òdo kẹ̀! Ọlọ́run ò ní jẹ́ ẹ dòdo!"

Nínú oṣù kẹrin, àwọn ọmọ gbé kóòtù lọ́wọ́ ti ilé ìwé dé. "Dádì, ó gbóná níta." Mo nawọ́ sí ẹ̀rọ. Ṣé wọ́n mọ̀ jù ú lọ ni?

Ìgbà tó di Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún, nọ́ńbà gbéra. Àárọ̀, 9. Alẹ́, 17. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, 28. Mo jó. Ìyàwó mi kò jó. Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà: bọ́tìnì kan wà níbẹ̀, 1, 2, 3, bí ìkànnì rédíò. Ti inú ilé wà lórí 1. Nígbà tí mo wà lórí àkàbà lọ́jọ́sí, ìka mi tó ti kú ti sún ti ìta sí 2.

Ta wá ló wà lórí 1? Odindi oṣù mẹ́ta lórí 0, tó wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀? Ẹni tó bá dàgbà lábẹ́ NEPA kò nílò àlàyé. Fìríísà ẹnì kan ló kú.

Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà ará Pólándì tí yàrá ìdáná rẹ̀ kọjú sí tiwa. "Ẹ jọ̀ọ́ Mama, ẹran yín ti ń yọ́." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, èyí tó sanra. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ ṣí fìríísà: omi ti ń kán sílẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì jókòó sórí ẹran bí ọba.

A kó gbogbo rẹ̀ sínú fìríísà tiwa, àti ẹran àti ẹ̀rọ. Ní àràárọ̀ ni ìyá náà ń bi mí láti ẹ̀yìn ọgbà pé eélòó ni.

"Òdo, Mama."