Ẹ yé bi í pé kí ló dé tí kò pariwo

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi ọmọbìnrin kan tó wà nínú ìròyìn pé kí ló dé tí kò pariwo nígbà tí wọ́n ń fipá bá a lò pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé e. Ẹ̀rù a máa sọ ara di igi. Ẹnu á kọ̀, kò ní là. Ọmọ àbúrò mi náà kò pariwo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kó rò ó ní àgọ́ ọlọ́pàá, lójú èrò, tó ń fi ìka tú etí aṣọ rẹ̀. Ohun tí obìnrin olùdámọ̀ràn tó padà gbọ́ tiẹ̀ kọ́kọ́ bi í ni: "Ṣé kí n ti ilẹ̀kùn, àbí kí n ṣí i sílẹ̀?" Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wà ní Ìkẹjà, ní Èkó, láti 2013, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tètè gbé ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀ lọ síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tó ń dènà HIV.