Ẹni tó máa dá ni láṣọ: bí a ṣe ń yẹ ọrùn olùdíje káńsù wò

Ẹni tó bá ní òun máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 àti wọ́ọ̀dù 203 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ara ògiri Àkúrẹ́ á kún fún fọ́tò. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kan pé: "Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba pẹ́, ó sì fẹ́ràn igi àti igbó." Ó tán. Fọ́tò ara ògiri kò ṣeé bi léèrè. Ẹni inú rẹ̀ ló ṣeé bi.

Ẹ ti ibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ńkọ́? Ìwé tí wọ́n fi fìdí òṣìṣẹ́ múlẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́ ńkọ́? Ìwé ìgbéga àti ti ìfẹ̀yìntì náà ńkọ́? Ẹni ọgọ́ta ọdún, tàbí ẹni tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ló ń fẹ̀yìn tì, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹni tó tètè kúrò kì í ṣe ọ̀daràn o, ọ̀pọ̀ ló fọwọ́ ara wọn kọ̀wé sílẹ̀, àmọ́ ẹ bi í. Bó bá sì ní ìpele 11 ni òun wà nígbà tóun kúrò, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀: láti ìpele 10 ni iṣẹ́ ọba ti ń bọ́ sí 12. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni tábìlì tó jókòó sí. Akọ̀wé owó ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó kì í ṣe aṣọ́gbó.

Ọ̀rọ̀ igi ló gba sùúrù. Ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ ṣe é ṣán oko. Ká ní olùdíje kan sọ pé òun gbin igi 10,000. Bí àlàfo mítà mẹ́ta bá wà láàárín igi kan sí èkejì, igi 1,111 ni hẹ́kítà kan ń gbà. Igi 10,000 yóò gba hẹ́kítà mẹ́sàn-án, ìyẹn ju púlọ́ọ̀tì 130 lọ, bí púlọ́ọ̀tì kan bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó sì gùn ní 120. Ibo ni ilẹ̀ náà wà? Kí ó mú yín débẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, èyí tó yè ni kí ẹ kà, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbìn. Igi tí wọ́n gbìn nígbà tí òjò ti ń parí lọ, nítorí ọjọ́ yẹn ni àlejò ńlá ráyè wá ya fọ́tò, gbòǹgbò rẹ̀ kì í rìn jìnnà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Igi tí wọn ò bọ́ ọ̀rá dúdú kúrò nídìí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á máa yí po sínú ọ̀rá, yóò dúró bí ẹni tó yè, lẹ́yìn náà ni ìjì á gbé e ṣubú. Ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló gba ríro lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì ro etí oko yí ká kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má baà wọlé. Ìgboro ńkọ́? Ewúrẹ́ ni ọ̀tá igi níbẹ̀. Ta ló sanwó ríro náà? Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́ kì í ronú kó tó dáhùn èyí.

Bó bá ní òun ti bá àwọn àgbẹ̀ ṣe àjọgbìn nínú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba dá sí, níbi tí iṣu àti àgbàdo ti ń dàgbà láàárín igi kéékèèké, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe kúrò. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé bí igi bá ga, oko òun ti tán, lè máa fi àdá gé orí igi bí ẹni tó ṣèèṣì. Ibòmíràn, kòkó ni wọ́n rọra gbìn, ìyẹn kò sì ṣeé lé kúrò mọ́.

Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ìlérí tó ju agbára ipò lọ. Ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni igbó ọba bíi ti Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Olúwá wà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kàn fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ yàtọ̀ sí ìwakùsà ni. Alága káńsù tó ní òun yóò fọwọ́ ara òun lé gbogbo agégi kúrò nínú igbó Olúwá ń dá aṣọ tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ohun tí òfin kan náà gbé lé káńsù lọ́wọ́ tààrà ni kíkó ìdọ̀tí, ọjà, ibi ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò àti gọ́tà. Odò Àlà gba àárín Àkúrẹ́ kọjá, ohun tí gọ́tà bá gbé, òun ló ń gbà. Kí oṣù Kẹta tó wọlé ló yẹ kí wọ́n ti kó gọ́tà tán. Kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀ tí wọ́n wà jáde lọ lọ́jọ́ náà gan-an: bí wọ́n bá fi sílẹ̀ létí títì, òjò àkọ́kọ́ á dá a padà sínú gọ́tà, owó ti wọmi. Ní ìpàdé wọ́ọ̀dù, ẹ béèrè iye típà tó máa kó o, ibi tí wọn yóò dà á sí, àti ẹni tí yóò ra epo.