Ẹ má tìtorí ìwé ẹ̀rí da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù

Wọ́n tún ti ń kà á káàkiri. Ìwé pélébé tí èèyàn fi ń jẹ́rìí ìwòsàn ni, irú èyí tí wọ́n máa ń pàtẹ mọ́ kàlẹ́ńdà ní Tákíè nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n tún máa ń gbé wọ inú mọ́tò tó ń lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru títí, òun wá gba ìwòsàn, òun da gbogbo oògùn sínú ṣáláńgá, àti pé láti ọjọ́ náà orí òun ò fọ́ mọ́, àyà òun ò já mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan ka ojú ewé yẹn sókè, àwọn tó jókòó tì í sì ń ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ yìí bani nínú jẹ́, nítorí àárín àwọn tó ń ṣe àmín bẹ́ẹ̀ la ti ń rí ẹni tó máa délé tí kò ní fọwọ́ kan oògùn alẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ru, ara á sọ fúnni. Bí ara ò bá ti sọ nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn, oògùn ò wúlò mọ́. Ẹni tó kàwé ń sọ ọ́, ẹni tí kò kàwé ń sọ ọ́. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ń pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí àyè rẹ̀. Ẹni tó gbàdúrà kò ṣẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn náà kò di aláìnígbàgbọ́. Ìwé tí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àìsàn bá kọ, tó sọ bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn, bó ṣe fara da àárẹ̀ tí kò sọ̀rètí nù, ìwé dáadáa ni, ó sì yẹ ká ní irú rẹ̀ sí i lédè Yorùbá. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ bi ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ òun ti wálẹ̀: kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?

Ara yíyá kì í wọn ẹ̀jẹ̀. Ní 2021, ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde fi hàn pé àwọn tó wà láàárín ọdún 30 sí 79 tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní gbogbo ayé tó bílíọ̀nù 1.28, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ rárá pé àwọn ní in. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá máa ń fọ́ni lórí kó tó dúró síni lára, báwo ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù èèyàn ṣe wá ń gbé e kiri láìmọ̀? Orí tó ń fọ́ wa níhìn-ín, ibà ló sábà ń fà á, tàbí àìsùn, tàbí oòrùn, tàbí ebi, tàbí ojú tó nílò jígí. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀: ti òkè ni ìgbà tí ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tí ọkàn sinmi; bí a bá dá ẹyọ kan sọ, ti òkè ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ pẹ́ mọ̀ pé ẹni tó ń pariwo orí fífọ́ lè ní 118/76, kí ẹni tó wá sìn ín, tó ń ṣàwàdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sì ní 200/115.

Franklin Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1941, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 188/105. Kò sí oògùn gidi fún un láyé ìgbà yẹn. Ó ń ṣe ìjọba lọ, ó ń darí ogun. Ní 1944, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ tí mímí sì ti ń nira fún un, dókítà tirẹ̀ ṣì ń sọ fáráàlú pé ara rẹ̀ le, ó sì tún wọlé ìbò lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1945, ó ní ẹ̀yìn orí ń dun òun gan-an. Kò pẹ́ tó fi dákú. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó ti di 300/190. Ọjọ́ náà ló kú, ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ọpọlọ. Ẹni tó bá ń dúró de orí fífọ́ kó tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, irú orí fífọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń dúró dè.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1967 láàárín àwọn ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí ní Amẹ́ríkà. Àwọn 143 ni wọ́n, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn wà láàárín 115 sí 129. Wọ́n fún 73 nínú wọn ní oògùn, wọ́n fún 70 yòókù ní hóró tó jọ oògùn ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú. Kò sí èyí tó mọ irú èyí tó ń gbé mì. Kó tó tó ọdún méjì, 27 nínú àwọn tí kò rí oògùn gidi ni jàǹbá ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà ti ṣe, mẹ́rin nínú wọn kú. Nínú àwọn tó ń lo oògùn, méjì péré ni jàǹbá ṣe, kò sí èyí tó kú. Ẹ gbé méjì ti mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Láti ìgbà náà, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ káàkiri ayé, fún ọkùnrin àti obìnrin, fún arúgbó pàápàá. Èyí tí wọ́n parí ní 1991 láàárín àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún fi hàn pé oògùn dín rọpárọsẹ̀ kù ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé ẹ̀rí èèyàn kan kò lè dá èyí padà.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ́rìí yìí kì í ṣe òpùrọ́. Òótọ́ ni pé ara wọn fúyẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n da oògùn nù. Ohun tó fà á ni kò yé wọn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo amlodipine, hóró kékeré 5 tàbí 10 mg tó pọ̀ jù lọ ní kẹ́mísì wa. Bí ẹ bá gbé èyí tó kẹ́yìn mì lónìí, yóò tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde lára, ìdajì tó kù á tún gba iye wákàtí kan náà kó tó dín sí ìdajì. Ó lè lé ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó tán. Nítorí náà, ẹni tó da oògùn nù lọ́jọ́ Àìkú, tó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́rú, tó rí 130/80, oògùn tó dà nù náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́ fún un. Ó máa jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìwé á jáde. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wá padà sí 180, kò sẹ́ni tó máa wọ̀n ọ́n mọ́, nítorí wọ́n ti ní ó ti tán.

Àwọn oògùn yìí náà ní ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara. Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Lisinopril lè mú ikọ́ gbígbẹ tí kò lọ bọ̀rọ̀ wá. Moduretic ń múni tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹni tó ti gbé 190 kiri fún ọdún púpọ̀, bí oògùn bá fà á wálẹ̀ sí 140, òòyì lè kọ́kọ́ máa kọ́ ọ, á rẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ti mọ́ èyí tó ga. Bó bá wá dá oògùn dúró, ẹsẹ̀ á fà, ikọ́ á lọ, ìtọ̀ á dínkù, òòyì á dá. Kí ni yóò pè é? Ìwòsàn ni yóò pè é. Ìpọ́njú oògùn ló kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè bọ̀. Bí ikọ́ tàbí ẹsẹ̀ wíwú bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀, ó ní irú mìíràn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn tó mú ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀ ni òpó tó gbé òrùlé dúró; ẹ má yọ òpó nítorí pé òrùlé ò tíì wó.

Ẹni mìíràn tún wà tó jẹ́ pé wọn ò wọn tirẹ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rìn láti Ọjà Aràdà nínú oòrùn, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ó jókòó, wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ lé apá bùbá rẹ̀, apá ń rọ̀ sílẹ̀, ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Wọ́n rí 162. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n rí 134. Wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ni. Apá tó rọ̀ sílẹ̀ nìkan lè fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un, ọ̀rọ̀ sísọ náà ń fi kún un, àpò ìtọ̀ tó kún ń fi kún un, aṣọ ẹ̀rọ tó kéré fún apá ńlá sì ń gbé nọ́ńbà sókè jù bó ṣe rí lọ.

Bó ṣe yẹ kí ẹ wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí tàbí sìgá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ lọ tọ̀. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, ẹ fẹ̀yìn tì í, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kó ga dọ́gba pẹ̀lú ibi tí ọkàn wà láyà. Apá ìhòòhò ni kí ẹ wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, ẹ tún ṣe é lálẹ́, fún ọjọ́ méje. Ẹ yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, ẹ ro ìyókù pọ̀, ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ fi iye ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n pín in. Nílé, bó bá tó 135/85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ní ilé ìwòsàn, 140/90 ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè ìgúnpá ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́ máa ń ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ pé ááyù àti zobo ló wo àwọn kan sàn, a ò ní fi gbogbo ọjọ́ sọ ọ́. Zobo lè dín in kù díẹ̀. Díẹ̀ kò lè gbé 190 dé 130. Ohun tó pọ̀ jù tó ń yọ wá lẹ́nu nínú oúnjẹ ni iyọ̀: kò yẹ kí gbogbo ohun tí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́ ní iyọ̀ tó ju gíráàmù 5 lọ, kò sì kún ṣíbí tíì kan. Máàgí inú ọbẹ̀ wà nínú ìṣirò yẹn, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmàlà kọ́ ni ẹjọ́ yín, ọbẹ̀ ni. Ẹ kíyè sí oògùn ara ríro náà: ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà bí ẹ̀pà máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Kíndìnrín yìí ló ń kó ìpayà bá wa jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń bà á jẹ́, òun náà kì í sọ̀rọ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí àyípadà kan lára ohun àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní APOL1, ó sì wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa Yorùbá. Ó ń gba ara lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwa la wá ń da oògùn sí ṣáláńgá.

A gbà pé àwọn kan wà tí dókítà dín oògùn wọn kù, tàbí tó dá a dúró pátápátá, lẹ́yìn tí wọ́n fọn, tí wọ́n fi iyọ̀ àti ọtí sílẹ̀. Wọn kò pọ̀, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà.

Bí ìwé ẹ̀rí bá tún bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ wá nọ́ńbà inú rẹ̀. Èwo ni ti ṣáájú, èwo ni ti ẹ̀yìn, ta ló wọ̀n ọ́n, oògùn wo ló dá dúró, oṣù mélòó ló ti kọjá kí ìwé tó jáde? Bí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ̀rí nípa bí ara ṣe rí lára ẹnì kan lẹ kà, ẹ kò ka nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ẹni tó da oògùn nù tí rọpárọsẹ̀ gbé dè kò lè di kálàmù mú. Tirẹ̀ kì í sí lórí àtẹ ní Tákíè.

Fún ẹni tó ti dá a dúró: ẹ lọ wọ̀n ọ́n lónìí. Ilé ìwòsàn ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907, ìlú kan náà sì ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì báyìí. Ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ náà kò jìnnà sí nọ́ọ̀sì. Ẹ má gbé hóró méjì mì láti fi rọ́pò èyí tí ẹ fò. Bí oògùn tí ẹ dá dúró bá jẹ́ clonidine tàbí propranolol, ẹ má dúró di ọ̀la, nítorí ìdádúró òjijì àwọn méjèèjì léwu: ti clonidine lè gbé ẹ̀jẹ̀ ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ti propranolol lè dá ọkàn láàmú. Bí ẹ bá rí 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyà ń dùn yín, tí ojú ń ṣú, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tàbí tí ọwọ́ kan kò gbé sókè mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó bá yín lọ sì mú páálí oògùn tí ẹ ń lò dání.